Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Kẹrìnlá

Gba kọ́kọ́rọ́ rẹ, Ìbídàpọ̀. Buwọ́ lùwé níbí.
Èmi ni mo ń ṣọ́ ilé yìí lóru,
láti aago mẹ́wàá títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.
Mo gbọ́ tí ò ń sọ fún màmá rẹ lórí fóònù
pé Dọ́ńdì dára, pé òtútù ibẹ̀ kò pọ̀.
Oṣù Kẹsàn-án la ṣì wà, ọmọ mi.
Má tíì fẹnu kan òtútù.

Odò Téè tó o ń wò lójú fèrèsé yẹn,
ó dákẹ́ lónìí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.
Tó bá di Oṣù Kọkànlá, atẹ́gùn á ti ibẹ̀ gòkè wá,
á máa fi etí ẹni ṣe yẹ̀yẹ́.
Agbòjò tó o gbé wá láti Òkè-Igbó, fi í sílẹ̀ nínú àpótí.
Mo ti rí i tí atẹ́gùn sọ irú rẹ̀ di egungun.
Kóòtù ni kó o rà, ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
má ra tuntun; ìwé ló máa gba owó tuntun lọ́wọ́ rẹ.

Tí wọ́n bá ń kọjá lọ, tí wọ́n ní, "Ṣé dáadáa ni?"
ìkíni ni, kì í ṣe ìbéèrè.
Lọ́dún tí mo dé, mo dúró, mò ń ròyìn ẹ̀yìn tó ń dùn mí
fún ọkùnrin kan tó ti dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Olùkọ́ rẹ á ní kó o máa pe òun ní Fíónà.
Ahọ́n rẹ á wúwo. Mo mọ̀.
Pè é bẹ́ẹ̀. Tó o bá fẹ́, kúnlẹ̀ nínú ọkàn rẹ.

Ti dòdò ńkọ́? Ṣí fèrèsé kó o tó gbé epo kaná.
Aago iná ilé yìí kò mọ ìyàtọ̀
láàárín ata tó ń ta sánsán àti ilé tó ń jó.
Lọ́dún tó kọjá, ọgọ́fà ọmọ ló dúró nínú òjò,
tàwọn taṣọ ìwọ̀sùn, láago méjì òru,
nítorí ẹja gbígbẹ ẹnì kan. N ò ní dárúkọ.
Èmi náà jẹ níbẹ̀. Ó dùn.

Kọ orúkọ rẹ sára mílíìkì rẹ. Wọ́n á mu ún náà.

Jókòó díẹ̀. Ẹrù rẹ kò ní sá lọ.
Ọmọ kan ló gbé yàrá yìí ṣáájú rẹ, Kálọ̀mù,
ọmọ ilẹ̀ yìí gan-an, tó gbọ́ èdè wọn ju èmi lọ.
Ó tó ọjọ́ mọ́kàndínlógún tí n kò fi rí i.
Iná yàrá rẹ̀ ń tàn mọ́jú, mo rò pé ìwé ló ń kà,
mo tún ń yìn ín nínú ara mi.
Nígbà tí mo kanlẹ̀kùn, ó ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì ni kò yé òun,
ọ̀sẹ̀ kẹta wá gorí ẹ̀, ìkẹrin gorí ẹ̀,
ni ìtìjú bá ti ilẹ̀kùn láti inú.
Mo po tíì. Ó sunkún díẹ̀.
Lówùúrọ̀ mo sìn ín lọ bá àwọn tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀,
aṣọ iṣẹ́ mi ṣì wà lọ́rùn mi.
Ó ti wọ ọdún kejì báyìí. Ó máa ń juwọ́ sí mi.

Ohun tí kò bá yé ọ, bi wọ́n.
Ìrókò tí wọ́n ní ká tètè gé ní kékeré yẹn,
níbí, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì ni.

Tí oòrùn bá sì ń wọ̀ láago mẹ́ta ààbọ̀,
má bá a wọ̀.
Wọ bàtà, rìn dé etí odò, kó o padà.

Èmi náà, ìwé ni mo wá kà. Ọdún kan ni mo pè é.
Ọdún kọkànlá rè é.
Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.

Gba ọwọ́ òsì, àjà kejì.
Ilẹ̀kùn náà máa ń há;
fi èjìká tì í díẹ̀.